ÀWỌN Ẹ̀DÁ INÚ OKO KÒKÓ LÁTI ÌGBÀ DÉ ÌGBÀ

Ìmọ̀ràn fún àwọn àgbẹ̀ kòkó lórí mímọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá

Kò sí àgbẹ̀ kòkó tí ó ń dá iṣẹ́ oko rẹ̀ ṣe. Òun ni ó gbin igi, òun ni ó ń roko, òun ni ó sì ń ká èso. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn wà nínú oko náà tí kò bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀, tí kò sì san owó fún. Àwọn kan ń fò, àwọn kan ń rìn lórí ilẹ̀, àwọn kan sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi ṣòro láti rí wọn. Bákan náà ni àwọn olè wà láàárín wọn. Ohun tí ó mú ọ̀ràn náà ṣòro ni pé òṣìṣẹ́ àti olè jọ ń gbé ojú kan, ìrísí wọn sì lè jọra. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àgbẹ̀ ń fi àdá, iná àti oògùn pa òṣìṣẹ́ tirẹ̀, tí olè sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

A kọ ìwé kékeré yìí kí ẹ̀yin àgbẹ̀ lè mọ ẹ̀dá tí ó yẹ kí ẹ máa wò ní ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, kí ẹ sì mọ èyí tí ó yẹ kí ẹ dá sí àti èyí tí ó yẹ kí ẹ lé.

I. ÌGBÀ ÀKỌ́RỌ̀ ÒJÒ (Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún)

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ikán abìyẹ́ a tú jáde láti inú ilẹ̀. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí ké létí omi. Ìgbín tí ó ti dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ a tún yọ orí, a sì máa wá oúnjẹ kiri. Ní àkókò kan náà ni igi kòkó ń yọ ìtànná púpọ̀ lára ìtì àti lára ẹ̀ka rẹ̀.

Ẹ kíyèsí ìtànná kòkó dáradára. Kékeré ni. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ni ó ń là. Bí ìyẹ̀fun ìtànná mìíràn kò bá kàn án ní ọjọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì, yóò rọ, yóò sì bọ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò lè gbé ìyẹ̀fun yìí dé ibi tí ó yẹ, nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Oyin pàápàá tóbi jù fún iṣẹ́ náà, nítorí pé ibi tí ìyẹ̀fun wà nínú ìtànná náà há gan-an.

Ta ni, nígbà náà, ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí? Eṣinṣin wínníwínní kan ni, tí gígùn rẹ̀ kò ju mílímítà 1 sí 3 lọ, tí ó sì kéré ju ẹ̀fọn lọ. Àwọn onímọ̀ ń pe ẹ̀yà rẹ̀ ní Forcipomyia. Ó ń wọ inú ìtànná kan, ìyẹ̀fun a lẹ̀ mọ́ irun ẹ̀yìn rẹ̀, a sì gbé e lọ sí ìtànná mìíràn. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ: bí eṣinṣin yìí kò bá sí, gbogbo ẹwà ìtànná inú oko kò ní di èso. Igi kan lè yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtànná lọ́dún, ṣùgbọ́n nínú 100, kì í sábà ju 5 lọ tí ń di èso. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá yẹ kí a bèèrè ibi tí a ti ń bí eṣinṣin náà. Kì í ṣe lórí igi. Inú ohun tútù tí ń jẹrà ní ilẹ̀ ni ó ń yé ẹyin sí: lábẹ́ ewé kòkó tí ó bọ́, nínú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé, àti nínú èèpo èso tí ń rà. Láti ìgbà ẹyin títí yóò fi di eṣinṣin tí ń fò, ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pọ̀ nígbà òjò, tí wọ́n sì ń dínkù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo àgbẹ̀ kan tí ó fẹ́ràn ìmọ́tótó. Ó gbá abẹ́ igi kòkó rẹ̀ bí ẹni gbá àgbàlá ilé. Ó kó ewé jọ, ó kó ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ, ó sì dáná sun gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ń kọjá lọ a máa yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkórè dé, èso orí igi rẹ̀ kò pọ̀ tó bí ìtànná ti pọ̀. Yóò sọ pé ilẹ̀ ti ṣá, tàbí pé ẹnìkan ń ṣe òun. Kò mọ̀ pé òun tìkára òun ni ó fi iná sun àwọn tí ìbá bá òun sọ ìtànná di èso. Ewé tí ó bọ́ sábẹ́ igi kì í ṣe ìdọ̀tí; ó ń bo ilẹ̀, ó ń pa omi mọ́, ó ń di ajílẹ̀, ó sì jẹ́ ilé fún òṣìṣẹ́ àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú oko rẹ̀, kí ó gé ìtì náà sí wẹ́wẹ́, kí ó tò ó káàkiri lábẹ́ àwọn igi, kí ó sì jẹ́ kí ó jẹrà níbẹ̀.

Ní ìgbà yìí kan náà, kí ẹ má ṣe fín oògùn kòkòrò láìnídìí nígbà tí ìtànná bá pọ̀ lórí igi, nítorí pé oògùn tí ń pa ọ̀tá ń pa eṣinṣin yìí pẹ̀lú.

II. ÌGBÀ ÒJÒ ŃLÁ (Oṣù Kẹfà àti Oṣù Keje)

Òjò tí ó pọ̀ ni ọ̀rẹ́ eṣinṣin tí a ti sọ, ṣùgbọ́n òun náà ni ọ̀rẹ́ àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú. Ẹ̀bu kan ni ó ń fa àrùn yìí. Inú ilẹ̀ àti inú èso tí ó ti kú ni ó ń pamọ́ sí. Bí ẹ̀kán òjò bá ta lu ilẹ̀, a máa ta á bá èso tí ó wà nísàlẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń gun òkè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò nìkan ni ó ń gbé e gòkè. Èèrà dúdú kékeré kan wà tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, tí ó sì máa ń gbé ìdí náà sókè bí a bá fi ọwọ́ kàn án. Èèrà yìí a máa ru erùpẹ̀ láti ilẹ̀, a fi kọ́ àtíbàbà sára èso àti sí ìdí èso. Bí ẹ̀bu bá wà nínú erùpẹ̀ náà, èèrà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àrùn dé òkè igi.

Kí ni ó ń fi àtíbàbà náà ṣe? Bí ẹ bá tú u, ẹ ó rí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ funfun lábẹ́ rẹ̀, tí ó dàbí ẹni pé a wọ́n ìyẹ̀fun lé wọn lórí. Omi inú igi ni àwọn wọ̀nyí ń mu, ìgbẹ́ wọn sì dùn bí oyin. Èèrà ń ṣọ́ wọn, ó ń kọ́lé bò wọ́n, ó sì ń jẹ adùn tí ń jáde lára wọn, gẹ́gẹ́ bí Fúlàní ti ń da màlúù rẹ̀ nítorí wàrà. Ìpalára wọn kò mọ sí omi igi tí wọ́n ń mu. Àwọn ni ó ń gbé àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú kiri, láti orí igi kan sí òmíràn. A kọ́kọ́ mọ àrùn yìí ní ọdún 1936 ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ní ọdún 1944 a sì rí i ní Nàìjíríà. Kò sí oògùn tí ń wo igi tí ó bá ti mú sàn. Gígé igi náà kúrò nìkan ni ọ̀nà láti gba àwọn ìyókù là.

Nítorí náà, ìgbà òjò ni ìgbà ìyàtọ̀. Ẹ má ṣe fi ewé gbígbẹ àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé èso tí ó ní àrùn. Ti àkọ́kọ́ yẹ kí ó wà lábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n èso dúdú kò gbọ́dọ̀ wà lórí igi tàbí lábẹ́ rẹ̀. Kí a máa ká wọn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, kí a kó wọn jáde, kí a sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ jìnnà sí igi. Èèpo èso tí a fọ́ nígbà ìkórè náà kò yẹ ní kíkó sábẹ́ igi, nítorí pé a kò lè fi ojú mọ èyí tí àrùn ti wọ̀.

Ìgbín pọ̀ ní ìgbà yìí, a sì máa jẹ ewé àwọn irúgbìn kékeré. Ṣíṣà wọ́n jẹ ni ìtọ́jú tí ó dára jùlọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsára: kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣa ìgbín tàbí olú jẹ nínú oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn sí, ìbáà ṣe oògùn èso dúdú tàbí oògùn kòkòrò. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé lórí èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

III. ÌSINMI ÒJÒ ÀTI ÀRỌ̀KÚRÒ (Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kẹwàá)

Ọ̀tá tí ó burú jùlọ nínú àwọn kòkòrò oko kòkó a máa pọ̀ sí i láti inú oṣù kẹjọ lọ. Àwọn àgbẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní kápsídì; àwọn onímọ̀ òde òní sì ń pè é ní mírídì. Ó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ti èèpo igi. Ní ọ̀sán a máa sá pamọ́ sí ìdí èso, sí abẹ́ èso àti sí àárín ẹ̀ka méjì. Ní òru ni ó ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Ó ní ẹnu bí abẹ́rẹ́, èyí tí ó ń fi gún èso àti ọ̀mùnú ẹ̀ka. Itọ́ rẹ̀ ní oró, ojú ibi tí ó gún a sì di dúdú. Ẹ̀bu mìíràn a gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé, ẹ̀ka a sì gbẹ láti orí sísàlẹ̀.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a rántí nípa rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni kòkó ti wá, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni ó sì dé ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ wa ni kápsídì. Nínú igbó wa, lára àràbà àti lára àwọn igi ìdílé obì, ni ó ti ń jẹ kí kòkó tó dé. Àlejò ni a gbìn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì rí i pé àlejò náà dùn.

Kápsídì fẹ́ràn ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Níbi tí igi kan bá ti wó tàbí tí a ti gé igi ìbòòji, ẹ̀ka tuntun àti èéhù a máa yọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń kó ara jọ sí. Nítorí èyí, igi ńlá tí ó ń bo oko kì í ṣe ohun tí a ń gé láìronú. Gbígbin kòkó tuntun dí ojú ihò tí ó wà lórí oko jẹ́ ogun sí kápsídì, àní bí a kò tilẹ̀ ra oògùn kankan.

Ọ̀rẹ́ kan wà tí ń bá àgbẹ̀ ja ogun náà. Èèrà pupa ni, èyí tí ń lẹ ewé tútù pọ̀ ṣe ilé lórí igi. Bí wọ́n ti ń kọ́ ilé yìí jẹ́ ìyanu. Àwọn kan a to ara wọn ní ìlà, wọn a fi ẹnu fa ewé méjì súnmọ́ra. Àwọn mìíràn a gbé ọmọ wọn lẹ́nu, ọmọ náà a sì máa tu òwú jáde, wọn a fi í rán ewé pọ̀ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ ránṣọ. Ọdẹ ni wọ́n. Wọ́n ń pa kòkòrò lórí gbogbo igi tí wọ́n bá jọba lé, kápsídì kì í sì í pọ̀ lórí irú igi bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé wọ́n ń buni jẹ nígbà ìkórè, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn kòkòrò kan tí ń mu omi igi. Ṣùgbọ́n àǹfààní wọn pọ̀ ju ìyọnu wọn lọ. Àgbẹ̀ tí ó fi iná sun ilé wọn nítorí ìgèjẹ ọjọ́ kan ti lé ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ oko rẹ̀ lóru. Kí ó wọ aṣọ tí ó bo apá, kí ó sì fi ọ̀pá gígùn ká èso igi náà.

Bí a bá yẹ igi wò tí a sì rí i pé kápsídì ti pọ̀ jù, nígbà náà ni a ń lo oògùn. Ṣùgbọ́n kí a rántí ohun tí ó ti kọjá. Láti nǹkan bí ọdún 1950 sókè ni a ti ń fi lindane, èyí tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ sí Gamalin, pa kápsídì. Ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ nínú ilẹ̀, ó ń pa ẹja inú odò, nígbà tí ó sì yá, àwọn kápsídì kan di ẹni tí kò kú mọ́ bí a bá fín in. Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àdéhùn Stockholm kọ lindane mọ́ àwọn oògùn tí wọn yóò fòpin sí. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ má ṣe ra oògùn tí kò ní ìwé lára, kí ó má sì lo oògùn àtijọ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí. Kí ó bi olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò rẹ̀ léèrè. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí a dá sílẹ̀ ní 1964 ní Ìbàdàn, èyí tí a mọ̀ sí CRIN, wà fún irú ọ̀ràn báyìí.

IV. ÌGBÀ ÌKÓRÈ (Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kejìlá)

Nígbà tí èso bá pọ́n, àwọn ẹranko a mọ̀ ṣáájú olóko. Ọ̀kẹ́rẹ́ a wá ní ọ̀sán, òkété àti àwọn eku mìíràn a wá ní òru. Níbi tí igbó ṣì wà nítòsí, ọ̀bọ náà kì í gbẹ́yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń wá ni ẹran dídùn tí ó bo kóró. Ẹ lè mọ iṣẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́ àti ti eku nípa ihò tí wọ́n fi eyín gbẹ́ sára èso, àti nípa kóró tí ó fọ́n ká sí ilẹ̀.

Ogun tí ó dára jùlọ sí wọn ni kí a má ṣe jẹ́ kí èso pọ́n pẹ́ lórí igi. Àgbẹ̀ tí ó ń ká èso ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì tàbí mẹ́tamẹ́ta kò fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó dúró títí gbogbo oko yóò fi pọ́n pa pọ̀ ń tọ́jú àsè fún ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ tún lè dẹ pàkúté àti okùn sí ojú ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi májèlé sínú oúnjẹ kí ẹ sì fọ́n ọn ká inú oko, nítorí pé ajá ọdẹ yín àti àwọn ẹ̀dá tí ń pa eku lè kú nípa rẹ̀.

Lára àwọn tí ń pa eku ni òwìwí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rù ẹyẹ yìí nítorí ohùn rẹ̀ ní òru, wọ́n sì ń pè é ní ẹyẹ àjẹ́. Bí wọ́n bá rí i, òkò ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ìdí igi tí òwìwí ń sùn sí, ẹ ó rí ìdì irun àti egungun wẹ́wẹ́ nílẹ̀. Egungun eku ni púpọ̀ nínú wọn, nítorí pé òwìwí a máa gbé eku mì lódidi, a sì pọ irun àti egungun rẹ̀ jáde. Ẹyẹ tí ń gba kòkó yín sílẹ̀ lóru ni ẹ ń sọ lókò lọ́sàn-án.

Ẹ̀tà náà ń pa eku, ọká àti òjòlá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. A kò wí pé kí ẹ bá ejò ṣeré. Kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lórí ewé gbígbẹ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ dé ojúgun, kí ó sì fi ọ̀pá tú ewé kí ó tó fi ọwọ́ he èso. Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, kí a má ṣe fi abẹ gé ojú ibẹ̀. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí a má sì jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ejò tí ń lọ ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú igbó, kò sí èrè nínú lílé e.

V. ÌGBÀ ỌYẸ́ ÀTI Ẹ̀Ẹ̀RÙN (Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹta)

Bí ọyẹ́ bá dé, àwọn àlejò a ti wà láàárín wa. Lékèélékèé a sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ọya, a sì máa jẹ tata àti kòkòrò ní pápá. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a padà. Nínú àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń rí lójú ọ̀run ní ìgbà yìí, àwọn kan ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, wọ́n fò kọjá aṣálẹ̀ ńlá, wọn yóò sì padà síbẹ̀ kí òjò tó pọ̀. Kòkòrò tí ń fò ni oúnjẹ wọn. Àkókó náà a máa kan ẹ̀ka gbígbẹ, a máa yọ ìdin tí ń jẹ igi nínú.

Ẹ̀dá tí a kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí ní ìgbà yìí ni àdán ńlá tí ń jẹ èso. Òun ni ó ń gbin ìrókò. Bí èso ìrókò bá pọ́n, àdán a jẹ ẹ́, a fò lọ jìnnà, a sì ya hóró rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí kò sí ìrókò rí. Ẹni tí ó bá rí ọmọ ìrókò tí ó hù fúnra rẹ̀ láàárín kòkó, tí ó sì dá a sí, òjìji ni ó ń tọ́jú fún kòkó rẹ̀, ó sì ń tọ́jú pákó fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ikán ń dojú kọ kòkó kékeré, nítorí pé oúnjẹ tútù ti ṣọ̀wọ́n fún un. Kí a máa yẹ àwọn igi kékeré wò, kí a sì fi ewé bo ìdí wọn kí ilẹ̀ má baà gbẹ, ṣùgbọ́n kí ewé náà má ṣe kan ara ìtì.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ó ju gbogbo ẹranko àti kòkòrò lọ ní ìgbà yìí ni iná. Ní ẹ̀ẹ̀rùn 1982 sí 1983, nígbà tí òjò dá, iná igbó jó ọ̀pọ̀ oko kòkó run ní Gánà. Iná kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó ń jó igi, ó ń jó ewé tí eṣinṣin ìtànná yóò yé sí nígbà òjò, ó ń pa èèrà pupa àti ìgbín. Ẹni tí iná ọ̀yà kan bá sá wọ oko rẹ̀ yóò san gbèsè ẹran kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹ ro ààlà oko yín mọ́ kí oṣù kejìlá tó parí, kí ẹ sì bá àwọn ọdẹ àdúgbò sọ̀rọ̀.

ÀKÓPỌ̀ ÌMỌ̀RÀN

1. Ẹ jẹ́ kí ewé gbígbẹ àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹrà lábẹ́ kòkó. Ẹ má ṣe sun wọ́n.

2. Ẹ ká èso dúdú kúrò lórí igi, ẹ kó o jáde, ẹ sì rì í mọ́lẹ̀.

3. Ẹ tú àtíbàbà erùpẹ̀ èèrà dúdú kúrò lára èso; bí ẹ bá rí ẹ̀ka tí ó wú, ẹ ránṣẹ́ sí olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

4. Ẹ dá èèrà pupa tí ń rán ewé sí.

5. Láti oṣù kẹjọ, ẹ máa wo ìdí èso àti ọ̀mùnú ẹ̀ka fún kápsídì. Ẹ dí ojú ibi tí oòrùn ti ń wọlé.

6. Ẹ má ṣe fín oògùn kí ẹ tó wò, ẹ má sì fín in nígbà tí ìtànná bá pọ̀ lórí igi.

7. Ẹ ká èso ní kíákíá bí ó ti ń pọ́n; ẹ má ṣe sọ òwìwí lókò.

8. Ẹ ro ààlà oko kí iná tó dé.

Àgbẹ̀ tí ó bá fi ìdajì wákàtí kan lọ́sẹ̀ wo igi rẹ̀ láìmú àdá lọ́wọ́, yóò mọ̀ ju ẹni tí ń gé tí ń sun lójoojúmọ́ lọ. Kí ó kọ́kọ́ mọ ẹni tí ń bá a ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà kí ó wá mú àdá.